Akéde Ta Ni? Ọ̀rọ̀ lórí Ìṣègbè nínú Ìròyìn

Ìbéèrè tí ó wà níwájú wa ni pé: ǹjẹ́ a lè fọkàn tán àwọn oníròyìn pé wọn kò ní ṣègbè?

Nígbà tí akéde bá lu agogo nínú ìlú Yorùbá, tọmọdé tàgbà ni ó mọ̀ pé iṣẹ́ ọba ni ó ń jẹ́. Kò sí ẹ̀tàn níbẹ̀, nítorí ẹni tí ó rán an níṣẹ́ kò fara pamọ́. Ti rédíò àti ìwé ìròyìn kò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n á ní “a gbọ́ pé”, bí ẹni pé kò sí ẹni tí ó rán wọn níṣẹ́.

Ní ọdún 1953, Gómìnà Macpherson lo rédíò ìjọba láti bá Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ àti ẹgbẹ́ Action Group wí. Awólọ́wọ̀ béèrè àyè láti fèsì lórí rédíò kan náà. Wọn kò fún un. Ìwọ̀sí yìí wà lára ohun tí ó mú kí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn dá ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n tirẹ̀ sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní oṣù Kẹwàá ọdún 1959.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kò tán síbẹ̀. Lẹ́yìn rògbòdìyàn ọdún 1962, ìjọba bọ́ sọ́wọ́ Olóyè S. L. Akíntọ́lá, ilé iṣẹ́ tí Awólọ́wọ̀ dá sílẹ̀ sì di ti àwọn tí wọ́n ń bá a jà. Ní ọdún 1964, ìjọba náà dá ìwé ìròyìn Daily Sketch sílẹ̀. Nigerian Tribune, tí Awólọ́wọ̀ ti dá sílẹ̀ láti ọdún 1949, sì ń gbèjà tirẹ̀. Ẹni tí ó ka ọ̀kan ṣoṣo nínú méjèèjì gbọ́ ìdajì ẹjọ́.

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ nínú ìtàn yìí ni pé irọ́ nìkan kọ́ ni ìṣègbè. Gbogbo gbólóhùn inú ìròyìn lè jẹ́ òtítọ́, kí ó sì ṣègbè síbẹ̀, nítorí ẹnu tí kò jẹ́ kí a gbọ́. Àṣàyàn ọ̀rọ̀ náà ń ṣe tirẹ̀: ẹni tí ìwé kan pè ní ajàfẹ́tọ̀ọ́ ni ìwé kejì ń pè ní jàǹdùkú.

Àwọn kan yóò ní òfin ọdún 1992, tí ó gba aládàáni láàyè láti dá rédíò sílẹ̀, ti yanjú rẹ̀. Ó pọ̀ sí i ní ohùn, òótọ́ ni; ṣùgbọ́n olówó náà ní ọ̀rẹ́ àti ọ̀tá.

Ẹ wo àgbẹ̀ ní Ararọ̀mí-Ọ̀pin tí ó fẹ́ kí ayé gbọ́ pé ọ̀nà oko òun ti bàjẹ́. Ìjọba ìpínlẹ̀ ni ó ni Rédíò Kwara ní Ìlọrin. Ìjọba náà ni ó sì lè jẹ́ ẹni tí àgbẹ̀ ń pè lẹ́jọ́. Ohun tí yóò dán rédíò náà wò ni bóyá yóò jẹ́ kí a gbọ́ ohùn àgbẹ̀ náà, kì í ṣe èsì ìjọba nìkan.

Nítorí náà, ìdáhùn mi ni pé kí a má fọkàn tán oníròyìn kankan láìwádìí. Kí a béèrè ẹni tí ó ni ín, kí a sì wò bóyá ó fún alátakò láàyè láti fèsì. Àwọn àgbà ti wí i: agbẹ́jọ́ ẹnì kan dá, àgbà òṣìkà ni. Adájọ́ nìkan kọ́ ni wọ́n ń bá wí. Ó kan àwa tí a ń ka ìwé ìròyìn pẹ̀lú.