ÌWÉ ẸJỌ́ ỌMỌDÉ: ṢÉ YÓÒ MÁA TẸ̀LÉ E DÀGBÀ?

Àwọn ìgbìmọ̀ ní kí àwa oníṣòwò wá sọ ọ̀rọ̀ díẹ̀, ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ wa ni a sì mú wá. A kì í ṣe agbẹjọ́rò. Ìwé mẹ́fà ni ọ̀pọ̀ nínú wa kà kí a tó dé ìdí ọjà, ṣùgbọ́n a béèrè lọ́wọ́ àwọn tó mọ̀.

Bí ọlọ́pàá bá mú ọmọ ọdún 15 ní Wúsè tàbí ní Nyanya, tí wọ́n sì gbé e dé kóòtù, ìyá rẹ̀ á figbe ta pé ayé ọmọ òun ti bàjẹ́, pé ìwé ẹjọ́ náà yóò máa tẹ̀lé e kiri títí yóò fi hu irùngbọ̀n. Òfin kò wí bẹ́ẹ̀. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003, èyí tó múlẹ̀ níhìn-ín ní Àbújá, pe ẹnikẹ́ni tí kò tíì pé ọdún 18 ní ọmọdé. Kóòtù Ìdílé ló yẹ kó gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀, láìsí èrò ìworan, láìsí oníwèé ìròyìn. Wọn kò gbọdọ̀ rán an lẹ́wọ̀n, wọn kò gbọdọ̀ nà án lẹ́gba. Ìwé ẹjọ́ náà di ohun àṣírí. Àwọn tí ẹjọ́ náà kàn gan-an àti àwọn tí a fún láṣẹ nìkan ló lè rí i. Èyí tó ṣe kókó jù ni pé wọn kò gbọdọ̀ lo ìwé yẹn nínú ẹjọ́ mìíràn tí ẹni náà bá ní nígbà tó dàgbà. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ti fi irú èyí sínú ìlànà rẹ̀ láti ọdún 1985.

Ẹ jẹ́ ká fi ọjà ṣe àpẹẹrẹ. Ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ kan jí páálí mílíìkì nígbà tó wà ní ọdún 15, Kóòtù Ìdílé sì dá a padà fún òbí kí wọ́n máa ṣọ́ ọ. Ó di ẹni ọdún 25, ìjà ṣọ́ọ̀bù dé, ó fọ́ ẹnìkan lórí. Agbẹjọ́rò ìjọba kò lè dìde kó ní, "Olúwa mi, olè ni láti kékeré." Bí adájọ́ bá tilẹ̀ dá a lẹ́bi, tó ń wo irú ìyà tí yóò fi jẹ ẹ́, ẹni tí kò ṣẹ̀ rí ló yẹ kó kà á sí. Ọmọdé kì í mọ ẹ̀kọ jẹ kó má ra á lọ́wọ́; àwọn tó ṣe òfin náà mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀rọ̀ ti ta kókó nìyí. Ẹni tí wọ́n kọ sílẹ̀ bí ọmọdé ni òfin ń bò láṣìírí. Bí ọmọ bá ga, tí wọ́n wo gíga rẹ̀ kọ 19 ní àgọ́ ọlọ́pàá, kóòtù àgbà ló ń lọ. Àwọn kan nínú wa tún máa ń gbà wọ́n nímọ̀ràn pé, "Sọ pé o ti pé 20, gbà pé o jẹ̀bi, ká san owó ìtanràn, ká máa lọ sílé." Wọ́n á lọ sílé lóòótọ́, wọ́n á tiẹ̀ ṣe ìdúpẹ́. Ìdálẹ́bi àgbà ni wọ́n gbà yẹn o. Òfin ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn ti ọdún 2015 sì ní kí ọlọ́pàá ní ibi kan tí wọ́n ń kó irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ jọ sí. Lọ́jọ́ tó bá ní ẹjọ́ mìíràn, wọ́n lè gbé e síta.

Kò jìnnà sí wa. Ní ọjọ́ 1, oṣù kọkànlá, ọdún 2024, wọ́n kó ènìyàn 76 wá sí Ilé Ẹjọ́ Gíga ti Ìjọba Àpapọ̀ ní ìlú yìí, nítorí ìwọ́de oṣù kẹjọ ọdún náà. Àwọn ọmọ ọdún 14 sí 17 wà nínú wọn, ẹ̀sùn ìdìtẹ̀ sí ìjọba sì wà nínú ohun tí wọ́n kà sí wọn lọ́rùn. Àwọn kan ṣubú lulẹ̀ nínú kóòtù. Ní ọjọ́ 4, Ààrẹ Tinubu pàṣẹ kí wọ́n tú àwọn ọmọ náà sílẹ̀; ní ọjọ́ 5, kóòtù fagi lé ẹjọ́ náà. A kò sọ̀rọ̀ òṣèlú o. Ohun tí a ń bi ara wa ni pé, ká ní ẹjọ́ yẹn lọ dópin, nínú ìwé ta ni wọn ìbá kọ orúkọ àwọn ọmọ wọ̀nyẹn sí?

Ẹjọ́ tiwa náà wà níbẹ̀. Kóòtù ti ìwé pa, àwa kò pa ẹnu wa dé. Ọmọ tó ṣẹ̀ ní ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, bí ó bá fẹ́ gba ṣọ́ọ̀bù tàbí fẹ́ ìyàwó, ẹnìkan á ti yọ́ lọ bá bàbá ìyàwó.

Nítorí náà, ohun tí a ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí a yọ díẹ̀ nínú owó tí a bá kó jọ lónìí láti gba ìwé ìbí fún àwọn ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ tí kò ní. Òfin ní kí wọ́n ránṣẹ́ sí òbí lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ bí wọ́n bá mú ọmọ, ṣùgbọ́n òbí ọ̀pọ̀ wọn wà ní Ìsẹ́yìn, ní Ìwó, ní Ọ̀fà. Àwa ni a ó kọ́kọ́ dé àgọ́ ọlọ́pàá. Ẹni tí kò lówó agbẹjọ́rò, Legal Aid Council wà fún aláìní, ọ̀fẹ́ ni. Kí ọ̀gá kọ̀ọ̀kan mú ẹ̀dà ìwé ìbí ọmọ tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀ wá fún akọ̀wé ní ìpàdé tó ń bọ̀.