Lẹ́yìn Tí A Bá Fọn Tán: Báwo La Ṣe Ń Padà Sídìí Abọ́?

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi àpèjọ ọdọọdún ẹgbẹ́ wa)

  

Nígbà tí akọ̀wé ẹgbẹ́ ní kí n wá bá yín sọ̀rọ̀, mo rò pé ọ̀rọ̀ ìwé ìròyìn ni, torí iṣẹ́ tí mò ń ṣe nìyẹn. Ó ní rárá o, ọ̀rọ̀ ikùn ni. Ó ní aṣọ ẹgbẹ́ tí a rán kò gba ọ̀pọ̀ nínú wa mọ́. Ẹ má rẹ́rìn-ín, èmi náà wà nínú wọn. Ohun tó jẹ́ kó yàn mí ni pé ó mọ̀ pé mo ti fọn rí, mo sì tún ti sanra padà. Àwọn àgbà ní ẹni tó jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Ẹ wá wo kòtò tèmi.

Ní 2019, dókítà wọn ẹ̀jẹ̀ mi, ó ní ó ti ń ga jù fún ọmọ ọjọ́ orí mi. Kílò 98 ni mo wọ̀n lọ́jọ́ náà. Ẹ̀rù bà mí, torí mo mọ ohun tí ẹ̀jẹ̀ ríru ṣe nílé wa. Bí mo ṣe délé, mo pa gàárì tì, mo pa búrẹ́dì tì, mo ń jẹun lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́. Láàárín oṣù márùn-ún, mo ti di kílò 84. Ẹ̀jẹ̀ mi wálẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ mọ àwa Yorùbá: ẹni tó bá sanra là ń sọ pé ara rẹ̀ tutù. Nílé iṣẹ́, wọ́n ń bi ara wọn léèrè ní kọ̀rọ̀ pé kí ló ń ṣe mí. Màmá mi ní tiwọn kàn ń wò mí tomijé-tomijé, wọ́n ń bu ẹran kún ọbẹ̀ mi.

Nígbà tó di Disẹ́ńbà, mo ní mo ti yege ìdánwò. Òde ìgbéyàwó kan ni mo ti bẹ̀rẹ̀: iyán, ẹran ewúrẹ́, ìrẹsì, mọ́ọ̀tì méjì. Látọjọ́ náà n kò wẹ̀yìn mọ́. Ọdún 2020 wọlé, wọ́n ní ká má jáde nílé, èmi àti ìkòkò ọbẹ̀ wá di aládùúgbò. Kí ọdún náà tó parí, mo ti wọ kílò 101. Ẹ̀jẹ̀ mi tún gòkè, ju ti àkọ́kọ́ lọ. Dókítà wò mí, ó ní, “Ta ló ní kí o san gbogbo gbèsè ebi oṣù márùn-ún lẹ́ẹ̀kan náà?”

Mo wá bi í pé, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé díẹ̀díẹ̀ ló yẹ kí n padà sídìí oúnjẹ ni, àbí kí n fò wọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan?” Ó ní ó dá lórí irú ẹni tí èèyàn jẹ́ àti ibi tó dúró sí. Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo lọ wádìí, òun ni mo sì fẹ́ kí ẹ gbé lọ sílé lónìí.

Kálórì ni wọ́n fi ń wọn agbára inú oúnjẹ. Gíráàmù àmuaradàgbà kan ní kálórì mẹ́rin, ti gàárì àti ṣúgà náà mẹ́rin, ti epo ní mẹ́sàn-án. Ṣíbí ọbẹ̀ epo pupa kan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 120. Bí ohun tí à ń jẹ bá kéré sí ohun tí ara ń ná, a ó máa fọn. Ṣùgbọ́n ara kò gọ̀. Ẹni tó ti fọn kéré sí ti tẹ́lẹ̀, nítorí náà ara rẹ̀ ń ná oúnjẹ díẹ̀. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ara tún ń ṣahun sí i. Ní 2016, wọ́n tẹ àbájáde àyẹ̀wò kan jáde lórí èèyàn 14 tí wọ́n díje nínú ètò tẹlifíṣọ̀n The Biggest Loser ní Amẹ́ríkà. Wọ́n ti fọn ní nǹkan bí kílò 58 lẹ́nì kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn ọdún mẹ́fà, nǹkan bí kílò 41 ti padà sí wọn lára, síbẹ̀ ara wọn ṣì ń ná nǹkan bí kálórì 500 lójúmọ́ kéré sí ohun tó yẹ. Àṣé ẹni tó bá padà sí abọ́ àtijọ́ lẹ́yìn tó ti fọn, abọ́ náà ti tóbi jù fún un.

Ẹ wá jẹ́ ká pín ara wa sọ́nà mẹ́ta, torí gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tínú ń run.

Ẹni àkọ́kọ́ ni ẹni tó ṣì ń fọn, àmọ́ tó ń febi pa ara rẹ̀ jù. Ojú ń yí i, irun ń já, bó bá jẹ́ obìnrin, nǹkan oṣù rẹ̀ lè dúró. Ká ní ara rẹ̀ ń ná 2,300 lójúmọ́, òun wá ń jẹ 1,200. Bó bá gòkè sí 1,700 lọ́la, kò sí nǹkan tó bàjẹ́. Ó ṣì ń jẹ 600 kéré sí ohun tó ń ná. Kílò ọ̀rá kan sì tó nǹkan bí 7,700 kálórì, nítorí náà á ṣì máa dín ní ìdajì kílò lọ́sẹ̀. Irú ẹni yìí lè fò ó lẹ́ẹ̀kan. Kò tíì dé ibi tí ewu wà.

Ẹnì kejì ni ẹni tó ti fọn dé ibi tó fẹ́, bí èmi ní Disẹ́ńbà 2019. Díẹ̀díẹ̀ ló dára fún un. Àwọn kan máa ń sọ pé díẹ̀díẹ̀ yìí ń jẹ́ kí iná inú ara tún ràn bíi tàtijọ́. Ìyẹn kò tíì fìdí múlẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ta oògùn fún yín. Àǹfààní rẹ̀ ni pé ẹ ó máa rí ibi tí ẹ ń lọ. Ẹ fi nǹkan bí 150 sí 200 kún un lójúmọ́, ẹ dúró lórí rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ wọn ara yín, kí ẹ tó tún fi kún un. Níbi tí ìwọ̀n bá ti dúró, ibẹ̀ ni abọ́ yín tuntun. Kí ni 200? Ẹ̀kúnwọ́ gàárì gbígbẹ kan àti díẹ̀ ni, tàbí ẹyin sísè méjì àti ọsàn kan. Ẹ jẹ́ kó jẹ́ ẹ̀wà, ẹja, ẹyin ni ẹ ó kọ́kọ́ fi kún un, torí wọ́n ń dá ebi dúró.

Ìkìlọ̀ kan rèé o. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, òṣùwọ̀n lè fò sókè ní kílò kan tàbí méjì. Ẹ má bẹ̀rù. Ṣúgà tí ara ń tọ́jú sínú iṣan máa ń fa omi mọ́ra, gíráàmù kan sí nǹkan bíi mẹ́ta. Kí kílò méjì tó lè di ọ̀rá láàárín ọjọ́ mẹ́ta, ẹ ní láti jẹ ju 15,000 kálórì lọ lórí ohun tí ara ń ná. Ta ló lè jẹ ẹ́? Ọ̀pọ̀ ló ti rí kílò méjì yẹn tí wọ́n sọ pé ó ti bàjẹ́ náà nìyẹn, wọ́n wá padà sídìí iyán.

Ẹnì kẹta ni ẹni tí ebi ti pa dé egungun. Ní ìparí 1944, Ancel Keys ní Yunifásítì Minnesota kó ọkùnrin 36 tí wọ́n fínnúfíndọ̀ jọ. Ọ̀sẹ̀ 24 ni wọ́n fi dín oúnjẹ wọn kù sí nǹkan bí ìdajì, títí wọ́n fi pàdánù nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin ìwọ̀n ara wọn. Nígbà tí wọ́n ń bọ́ wọn padà, àwọn tí wọ́n fi ìwọ̀nba díẹ̀ kún tiwọn kò rí ara gbà. Àfi ìgbà tí wọ́n fi púpọ̀ kún un. Ẹni tó ti rù kọjá ààlà kò gbọ́dọ̀ máa ka kálórì bí ahun.

Síbẹ̀, bí èèyàn ò bá jẹ nǹkan kan fún ọjọ́ márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, bóyá àìsàn ni o, bóyá ààwẹ̀ gbígbẹ ni, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Oúnjẹ ńlá lójijì lè mú kí èròjà kan tí ọkàn nílò lọ sílẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, ó sì lè pa èèyàn. Lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, àwọn ẹlẹ́wọ̀n ogun kan kú lẹ́yìn tí wọ́n tú wọn sílẹ̀, nídìí oúnjẹ. Ilé ìwòsàn ni kírú ẹni bẹ́ẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí jẹun. Àwọn ìyá wa tí wọ́n ń fi ẹ̀kọ mímu ṣáájú fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde àìsàn, wọn ò mọ orúkọ èròjà kankan, àmọ́ wọn kì í sáré gbé iyán síwájú rẹ̀.

Èmi náà tún bẹ̀rẹ̀. Ọdún kan àtààbọ̀ ni mo fi dé kílò 86 lẹ́ẹ̀kejì, oṣù mẹ́rin ni mo sì fi gun àtẹ̀gùn padà sídìí abọ́. Mò ń jẹ gàárì, mò ń jẹ iyán lọ́jọ́ Sunday. Màmá mi ti jáwọ́ nínú ẹkún, àmọ́ wọ́n ṣì ń bu ẹran kún un. Mo ti kọ́ bí a ṣe ń sọ pé, “Ẹ ṣé mà, ó tó.”

Ohun tí a fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Wọ́n ní jọ̀lọ́ọ̀fù ti jinná ní ẹ̀yìn gbọ̀ngàn. Ẹ rọra o.