ÌTÀNṢÁN KÌ Í ṢE FÚN JẸJẸRẸ NÌKAN

(Ọ̀rọ̀ tí dókítà kan tí ń fi ìtànṣán tọ́jú aláìsàn bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ níbi ìpàdé wa ní Lẹ́kkí Phase 1)

Akọ̀wé yín sọ fún mi pé àwọn tí ń béèrè owó ẹ̀yáwó láti lọ gé àpá etí pọ̀, àti pé ẹlòmíràn kò tí ì san ti àkọ́kọ́ tán tí ó fi ń béèrè èkejì fún àpá kan náà. Ọ̀rọ̀ náà ni mo bá wá.

Iṣẹ́ tèmi ni kí n máa fi ìtànṣán tọ́jú ènìyàn. Bí mo bá sọ bẹ́ẹ̀ níbi àríyá, àwọn kan a rọra sún àga wọn sẹ́yìn: "Háà, dókítà jẹjẹrẹ!" Òótọ́ ni, jẹjẹrẹ ni ó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ wa. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ni iṣẹ́ náà fi bẹ̀rẹ̀. Ní 1895 ni Röntgen rí X-ray ní Jámánì. Ní 1896, dókítà kan tí ń jẹ́ Leopold Freund, ní ìlú Vienna, fi í tọ́jú ọmọbìnrin kékeré kan tí àmì onírun bo ẹ̀yìn rẹ̀. Àmì lásán ni, kì í ṣe jẹjẹrẹ.

Àpá tí mo ń wí, tí àwa dókítà ń pè ní kẹ́lọ́ìdì, yàtọ̀ sí àpá tí gbogbo wa ní. Àpá lásán a máa jókòó sí ojú ọgbẹ́ rẹ̀. Èyí a máa ré kọjá ibẹ̀, a máa yún ni, a máa ro ni, a sì máa tóbi sí i fún ọdún púpọ̀. Ó lè ti ara etí lílu wá, tàbí ilà kíkọ, tàbí abẹ́rẹ́, tàbí irorẹ́ àyà. Àwa aláwọ̀ dúdú ni ó ń yọ lẹ́nu jù. Àwọn baba ńlá wa náà mọ̀ ọ́n. Ní 1973 Dókítà Omo-Dare kọ̀wé sí ìwé àwọn dókítà aláwọ̀ dúdú ní Amẹ́ríkà nípa ohun tí Yorùbá ti mọ̀ nípa rẹ̀. Ní 1974 Oluwasanmi náà kọ tirẹ̀ lórí bí ó ṣe ń ṣe àwa ará Áfíríkà.

Obìnrin kan wá bá mi ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn. Ó ń tajà ní àdúgbò yìí. Gèlè rẹ̀ kì í kúrò ní orí, oòrùn ìbáà mú. Nígbà tí ó ṣí i, àpá tí ó wà ní etí rẹ̀ méjèèjì tó èso àgbálùmọ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti gé e ní ilé ìwòsàn kan. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ó padà, tí ó sì tóbi ju ti ìṣáájú lọ. Owó ẹgbẹ́ ni ó ná sí i ní ẹ̀ẹ̀mejèèjì. Ẹni tí ó gé e kò sọ fún un pé gígé nìkan kì í sábà tó. Mo ní kí ó wá gba ìtànṣán lẹ́yìn tí wọ́n bá tún gé e. Ó gbà. Ọjọ́ pé, kò wá. Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó rí i pé "jẹjẹrẹ" ni wọ́n kọ sí ara pátákó, ó sì padà sílé. "Dókítà, bí ẹnì kan bá rí mi níbẹ̀, ta ni yóò tún ra ọjà lọ́wọ́ mi?" N kò bá a jà. Oṣù mẹ́ta ni a fi bẹ̀ ẹ́.

Bí wọ́n bá gé àpá yìí nìkan, nínú ọgọ́rùn-ún, ó lè padà lára ènìyàn 45, ó sì lè padà lára gbogbo wọn. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ìwádìí fi hàn. Bí a bá fi ìtànṣán sí i, nínú ọ̀pọ̀ ìwádìí, iye tí ó ń padà a máa wá sílẹ̀ sí bí 20 tàbí kí ó má tó bẹ́ẹ̀. Kí ló fà á? Lẹ́yìn gígé, ara a bẹ̀rẹ̀ sí hun ojú ọgbẹ́ pọ̀. Lára ẹni tí ó ní àpá yìí, àwọn ahunṣọ náà kò mọ ìgbà tí ó yẹ kí wọ́n dáwọ́ dúró. Ìtànṣán ni a fi ń dá wọn lọ́wọ́ kọ́. Ẹni tí ó ro oko mọ̀ pé ìgbà tí koríko ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ orí ni oògùn ń ràn án. Nítorí náà, a fẹ́ kí ìtànṣán àkọ́kọ́ wọlé kí wákàtí 24 tó kọjá lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta tàbí ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ni ó sábà máa ń jẹ́, àpapọ̀ rẹ̀ a máa wà láàárín gray 12 sí 20. Jẹjẹrẹ lè gbà tó 60 tàbí 70. Kì í ro ni nígbà tí ó bá ń wọlé.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti kan ẹgbẹ́. Kí onídùúró tó fọwọ́ sí ìwé, ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ó fẹ́ yáwó: "Ọjọ́ wo ni wọ́n dá fún ìtànṣán?" Bí kò bá mọ̀, ẹ má tí ì yọ owó. Kí dókítà tí yóò gé e àti dókítà onítànṣán ti fẹnu kò, kí owó àwọn méjèèjì sì wà nínú ẹ̀yáwó kan ṣoṣo. Ẹ rántí ọ̀nà pẹ̀lú. Ẹni tí wọ́n gé níhìn-ín, tí ìtànṣán rẹ̀ wà ní Ìdí-Àràbà, níbi tí wọ́n ṣí ilé ìtọ́jú NSIA-LUTH sí ní 2019, yóò gba orí afárá kọjá, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ kò sì mọ̀ pé ọgbẹ́ ń dúró. Ẹ kọ́kọ́ béèrè bóyá wọ́n ń gba irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ lásìkò náà, kí ẹ tó wọkọ̀. Bí àpá bá ṣì kéré, abẹ́rẹ́ tí a ń gún sínú rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ béèrè. Owó rẹ̀ kò tó ti gígé.

Ní Jámánì, wọ́n ń fi ìwọ̀n kékeré, tí kò ju gray mẹ́fà lọ, tọ́jú gìgísẹ̀ tí ń ro àgbàlagbà. Ní ti orúnkún àti oríkèé ọwọ́, ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní Netherlands ní 2018 kò rí i pé ó sàn ju kí a tan ẹ̀rọ lásán. Ẹni tí ó bá fẹ́ tà á fún yín pé ó ń wo gbogbo oríkèé, ẹ dì í mú.

N kò ní fi ìyókù pamọ́. Ní Israel, láàárín 1948 sí 1960, wọ́n fi X-ray tọ́jú làpálàpá orí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọdé. Làpálàpá lọ, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n dàgbà, kókó yọ nínú ọpọlọ àwọn kan, òmíràn yọ ní ọ̀fun. Ní 1994 ìjọba níbẹ̀ ṣòfin láti san owó gbà-má-bínú fún wọn. Ìdí nìyí tí a kì í fi í fi ìtànṣán sí ara ọmọdé nítorí àpá, tí a kì í sì fi sí ara aláboyún rárá. Lára àgbàlagbà, ewu rẹ̀ kéré, ṣùgbọ́n ó wà. Dókítà tí kò bá sọ ọ́ fún yín kò ṣe dáadáa. A ń bo ibi tí kò kàn, ojú àpá nìkan ni a ń fojú sùn.

Obìnrin tí mo sọ náà dé lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ó gba ọ̀nà ẹ̀yìn wọlé. Ó ti lé ní ọdún méjì báyìí. Etí ọ̀tún mọ́ tónítóní. Ti òsì ń yún díẹ̀, a sì ń ṣọ́ ọ.

Ẹni tí ó bá ní ìbéèrè tí kò fẹ́ bi ní gbangba, mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì akápò títí ìpàdé yóò fi tú.