Owó Ilé-Ìwé Nìkan Kò Lè Gbé Ọmọbìnrin Ajégúnlẹ̀ Dé Ọ́fíìsì Àpápá

   

Láàárọ̀ yìí, níbi àpéjọ ẹgbẹ́ wa ní Houston, akọ̀wé ka ìjábọ̀ owó ilé-ìwé tí ẹgbẹ́ ń san fún àwọn ọmọbìnrin tó wà ní yunifásítì nílé. Mo pàtẹ́wọ́ bíi ti gbogbo yín. Àmọ́ mo ń wá ojú ewé kan tí n kò rí, èyí tí yóò sọ fún wa ibi tí àwọn tó ti jáde wà báyìí. Ta ló ti ríṣẹ́? Ta ló ríṣẹ́ tó sì fi í sílẹ̀ kí ọdún tó yí? Ta ló ka ìmọ̀-ẹ̀rọ tó wá ń ṣe POS létí títì? POS kì í ṣe ohun ìtìjú, ẹni tó ń ṣe é ń jẹun níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe tìtorí rẹ̀ la ṣe san owó ọdún márùn-ún.

Ìhà wọ́ọ̀fù l'Ékòó ni mo mọ̀ jù, torí ibẹ̀ ni mo ti ṣe iṣẹ́ ìgbanisíṣẹ́ títí irun fi funfun lórí mi. Àpápá àti Ajégúnlẹ̀ kò jìnnà síra, ẹni tó bá lẹ́sẹ̀ lè rìn ín. Síbẹ̀ kì í ṣe ọwọ́ kan náà ló tọ́ wọn. Láyé àtijọ́, Àpápá wà nínú olú-ìlú àpapọ̀, LEDB, àjọ tó ń tún ìlú Èkó ṣe, sì tún ilẹ̀ ibẹ̀ ṣe ní àwọn ọdún 1950, wọ́n la títì, wọ́n pín in fún ilé-iṣẹ́ àti ilé ìgbé. Ajégúnlẹ̀ wà lábẹ́ Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn. Ọdún 1967 tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ni àwọn méjèèjì tó wá bọ́ sábẹ́ ìpínlẹ̀ kan ṣoṣo. Nígbà yẹn, Àpápá ti ní èbúté, ó ti ní Flour Mills tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1960, ó ti ní báńkì. Ajégúnlẹ̀ ní àwọn tó ń ru ẹrù wọn.

Àwọn ọmọ Ajégúnlẹ̀ tí ayé mọ̀ kò kéré. Samson Siasia àti Odion Ighalo fi bọ́ọ̀lù jáde, Daddy Showkey fi orin jáde. Ẹ wò ó dáadáa: ọkùnrin ni gbogbo wọn, kò sì sí èyí tó gba ọ́fíìsì kọjá. Ọmọbìnrin tó bá fẹ́ fi ìwé jáde kò rí ẹni tó mọ̀ tó ti gba ọ̀nà náà lọ, kí ó lè bi í léèrè bó ṣe rí.

Mo ka ìwé ìwáṣẹ́ àwọn ọmọ Ajégúnlẹ̀ títí ó fi sú mi. Àdírẹ́sì ni mo kọ́kọ́ máa ń wò, torí ibẹ̀ ni irọ́ àkọ́kọ́ máa ń wà. Ọmọ tó ń gbé nítòsí Boundary ní Ajégúnlẹ̀ yóò kọ Àpápá. Ẹni tó ń gbé Amúkòkò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ yóò kọ àdírẹ́sì àbúrò ìyá rẹ̀ ní Sùúrùlérè. Ẹ̀rù ń bà wọ́n pé bí a bá rí Ajégúnlẹ̀ a ó ti ìwé náà sẹ́yìn, n kò sì lè búra pé kò sí ọ̀gá tó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tó dùn mí jù ni ohun tí wọn kò kọ. Ọmọ tó dàgbà ní Ajégúnlẹ̀ gbọ́ Yorùbá, ó gbọ́ Ìgbò nílé alábàágbé, ó gbọ́ pìjìn bí ẹni mumi, òmíràn gbọ́ Ìjọ̀ tàbí Ìlàjẹ mọ́ ọn. Èyí jẹ́ ohun èlò gidi ní ilé-iṣẹ́ tí ajẹ́ńtì, awakọ̀ tírélà àti aṣọ́bodè ti ń bára wọn jà lórí kọnténà kan láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Wọ́n fi í pamọ́, wọ́n wá kọ pé àwọn fẹ́ràn kíkàwé àti ìrìn-àjò.

Èbúté náà fúnra rẹ̀ kò tètè ṣí ilẹ̀kùn fún obìnrin. Ọdún 1955 ni NPA, àjọ tó ń ṣàkóso èbúté ilẹ̀ Nàìjíríà, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ọdún 2016 ni obìnrin àkọ́kọ́ tó di ọ̀gá àgbà rẹ̀, Hadiza Bala Usman. Ọdún 61 nìyẹn. Àwọn kan yóò sọ pé obìnrin tó kúnjú ìwọ̀n ni kò sí. Àwa tí ìyá wa ń ṣòwò ní Ìdúmọ̀tà àti Òyìngbò kò gbọdọ̀ fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rẹ́rìn-ín.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí ọ̀nà ti ń bàjẹ́, torí ó ṣáájú ìwé ẹ̀rí. Láti 1973 ni ITF, àjọ ìjọba tó ń rí sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́, ti ní ètò SIWES, èyí tí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ń pè ní IT, tí ọmọ yóò fi lọ kọ́ṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ kí ó tó parí ẹ̀kọ́. Ètò tó dára ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá lẹ́ni níbẹ̀ ló ń rí ibi gidi. Ọmọ tí kò mọ ẹnikẹ́ni yóò kó lẹ́tà rẹ̀ láti géètì kan sí òmíràn ní Creek Road l'Àpápá, yóò padà gba ibi tí wọ́n bá fún un. Wọ́n á wá ní kí ó máa ṣe fọtokọ́pì, kí ó máa lọ ra àmàlà fún ọ̀gá. Mo ti rí akẹ́kọ̀ọ́kùnrin àti akẹ́kọ̀ọ́bìnrin tí wọ́n jọ dé lọ́jọ́ kan náà. Wọ́n mú ọkùnrin lọ sídìí ẹ̀rọ, wọ́n fi obìnrin sẹ́nu ọ̀nà kí ó máa kí àlejò. Nígbà tí oṣù mẹ́fà pé, ìwé méjèèjì gba òǹtẹ̀ kan náà. Ìmọ̀ tó wà nínú wọn kì í ṣe ọ̀kan náà.

Òfin ńkọ́? Púpọ̀ nínú àwọn ọmọbìnrin wa ń fọwọ́ sí lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ láì kà á. Òfin Iṣẹ́ ilẹ̀ wa, ní abala 54, fún obìnrin ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ṣáájú ìbímọ àti ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn rẹ̀. Bí ó bá ti lo oṣù mẹ́fà lẹ́nu iṣẹ́, owó rẹ̀ ní àkókò náà kò gbọdọ̀ kéré sí ìdajì. Nígbà tó bá sì padà, ààbọ̀ wákàtí lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ jẹ́ tirẹ̀ láti fún ọmọ lọ́mú. Ẹ má rò pé ibí sàn jù o: òfin FMLA ti Amẹ́ríkà, ti 1993, ọ̀sẹ̀ 12 tí kò lówó nínú ni. Nílé, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ń gba oṣù mẹ́fà fún ọmọ méjì àkọ́kọ́. Abala 55 nínú Òfin Iṣẹ́ náà ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ le. Ó ní kí wọ́n má gba obìnrin síṣẹ́ òru ní ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ, àfi nọ́ọ̀sì àti àwọn tó wà ní ipò àkóso. Ààbò ni wọ́n pè é. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ ojú omi kì í dúró kí ilẹ̀ tó mọ́. Ẹni tí kò bá ti ṣiṣẹ́ òru rí, báwo ni yóò ṣe mọ iṣẹ́ náà dé ibi tí a ó fi sọ ọ́ di alákòóso? Lójú tèmi, ó yẹ kí wọ́n tún abala náà kọ.

Mo dé ibi tí àwọn ìyá wa kì í fẹ́ kí a dárúkọ. Àwọn báńkì mìíràn ń fún ọmọbìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní tágẹ́ẹ̀tì, iye mílíọ̀nù tó gbọ́dọ̀ kó wọlé. Ta ló ní irú owó bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́, kí sì ni yóò béèrè kí ó tó gbé e kalẹ̀? Gbogbo wa mọ̀. Ọmọ tó ti gbà nílé pé sùúrù ni fún obìnrin yóò rò pé òun ló ṣẹ̀. Ó yẹ kí ó mọ̀ kí ó tó kúrò ní yunifásítì pé òfin ìwà ọ̀daràn Ìpínlẹ̀ Èkó ti 2011 fi ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́ta sí ìfìbálòpọ̀ yọni lẹ́nu. Ó yẹ kí ó mọ DSVA, àjọ ìjọba Èkó tí a lè fẹjọ́ sùn. Ní oṣù kejìlá ọdún 2013, National Industrial Court l'Ékòó dá obìnrin kan láre nínú irú ẹjọ́ yìí, wọ́n sì ní kí wọ́n san ohun tó lé ní mílíọ̀nù 13 náírà fún un. Bí a ti ń tọ́jú ẹ̀rí ni kí a kọ́ àwọn ọmọ wa: kí wọ́n kọ ọjọ́ àti wákàtí sílẹ̀, kí wọ́n má pa àtẹ̀jíṣẹ́ rẹ́.

Àwọn kan ti ń ṣiṣẹ́ yìí kí a tó dé. Ẹgbẹ́ àwọn obìnrin tí a ń pè ní WIMBIZ ti wà láti 2001, WISCAR tí Amina Oyagbola dá sílẹ̀ náà ń fa àwọn obìnrin tó ń bọ̀ lẹ́yìn lọ́wọ́. Orúkọ wọn ń dún ní Victoria Island ju Ajégúnlẹ̀ lọ. Èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní Ajégúnlẹ̀ gan-an ni ti Gbénga Ṣẹ̀sán àti Paradigm Initiative, ní 2007. LIFE ni wọ́n ń pe ètò náà. Kọ̀ǹpútà jẹ́ ìdá kan péré nínú rẹ̀. Wọ́n ń kọ́ni bí a ṣe ń gbé pẹ̀lú ènìyàn, bí a ṣe ń ṣọ́ owó, bí a ṣe ń dá òwò sílẹ̀. Wọ́n tètè mọ̀ pé ẹni tó mọ kọ̀ǹpútà tí kò mọ bí a ti ń béèrè owó iṣẹ́ rẹ̀ yóò máa ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́.

Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Nínú gbọ̀ngàn yìí, nọ́ọ̀sì wà, agbẹjọ́rò wà, ẹni tó ń darí ẹrù ní èbúté Houston lè wà níbí pẹ̀lú. Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún kò ní dín owó ilé-ìwé kù. Kí obìnrin kọ̀ọ̀kan tó lè ṣe é mú akẹ́kọ̀ọ́ kan láti ọdún kẹta ní yunifásítì, kí ó bá a wá ibi IT tó nítumọ̀, kí ó bá a ka lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, kí ó sì dúró tì í títí yóò fi lo ọdún méjì lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ̀yin ọkùnrin, tiyín ni láti pe àwọn ọ̀gá tí ẹ jọ kàwé tí wọ́n wà ní Àpápá báyìí, kí ẹ gba àyè IT lọ́wọ́ wọn, kí ẹ sì sọ fún wọn pé fọtokọ́pì kọ́. Owó ọkọ̀ náà ṣe pàtàkì, torí láti oṣù kẹfà 2022 tí ìjọba ti fòfin de ọ̀kadà ní Àpápá, ẹni tí kò lówó kẹ̀kẹ́ yóò fẹsẹ̀ rìn dé ibi ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, pẹ̀lú òógùn lára.

Ìwé ìforúkọsílẹ̀ wà lórí tábìlì akọ̀wé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹni tó bá mọ̀ pé òun kò ní gbé fóònù nígbà tí ọmọ bá pè, kí ó má wulẹ̀ kọ orúkọ rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ó gbé e, ẹ kọ nọ́ńbà yín kí ó hàn ketekete.