Ìgò Owó àti Àga Ìyá

Ẹ̀yin òbí, ta ni ó fọ́ kóló ọmọ yín kẹ́yìn?

Ní 1982 ni Vera B. Williams, ará Amẹ́ríkà, kọ ìwé ọmọdé kan, A Chair for My Mother, tí òun fúnra rẹ̀ ya àwòrán sí. Iná jó ilé ọmọbìnrin kan; ẹrù ṣòfò, ẹ̀mí kò bá a lọ. Aládùúgbò àti ẹbí gbé oúnjẹ, tábìlì, ìkòkò àti aṣọ fèrèsé wá fún wọn. (Àṣé bí tiwa náà ni!) Ṣùgbọ́n kò sí àga tìmùtìmù kan. Ìyá ọmọ náà sì ń gbé oúnjẹ fún oníbàárà títí ẹsẹ̀ fi ń ro ó.

Wọ́n gbé ìgò ńlá kan kalẹ̀. Ìyá ń da owó ọrẹ tí oníbàárà fún un sí i. Ìyá àgbà ń fi èyí tí ó ṣẹ́kù lọ́jà sí i. Bí ọmọ náà bá ṣiṣẹ́, ìdajì owó rẹ̀ a wọ ibẹ̀.

Ìgò ni o, kì í ṣe kóló onígi. Gbogbo wọn mọ ohun tí owó náà wà fún, wọ́n sì ń rí i bí ó ti ń gòkè. Ọmọ tiwa a da owó ọdún sí kóló, a kì í sọ ohun tí a ó fi rà; lọ́jọ́ kan àgbà a fọ́ ọ, a ní òun yóò dá a padà. Bí alájọ bá ṣe èyí fún wa, ariwo wa a dé ààfin!

Ìgò wọn kún. Wọ́n ra àga olódòdó. Ìyá àgbà ń jókòó níbẹ̀ lọ́sàn-án, ìyá lálẹ́, ọmọ a sì sùn lọ lẹ́sẹ̀ rẹ̀.