Aṣọ Ibi Iṣẹ́ àti Iyì Ẹni
Ọ̀rọ̀ tí a sọ ní ìpàdé ọdọọdún ẹgbẹ́ wa ní Ẹ̀fọ̀n-Aláayè

Ẹ ní kí a sọ̀rọ̀ lórí aṣọ tí òṣìṣẹ́ ń wọ̀ lọ sí ibi iṣẹ́.

Àwọn àgbà ní ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀. Òótọ́ ni. Olùkọ́ tí ó bá wọ àkísà wọ kíláàsì, àwọn ọmọ ni yóò kọ́kọ́ fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ fún wa ohun tí ń jẹ́ aṣọ iyì?

Oníwàásù ìjọ Onítẹ̀bọmi kan wà, tí a bí ní Iléṣà ní 1860, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ David Brown Vincent. Ní 1894, ó pa orúkọ náà tì, ó di Mojọlá Àgbébí. Kódà nígbà tí ó rìnrìn àjò lọ sí Ìlú Ọba àti Amẹ́ríkà, aṣọ Yorùbá ni ó wọ̀. Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì, olùkọ́ bí tiwa, ń wọ ìró àti bùbá ní àwọn ọdún 1940 kí àwọn obìnrin ọjà Abẹ́òkúta má baà kà á sí àjèjì. Iyì àwọn méjèèjì kò dín kù. Ní oṣù Òkúdù 2022, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ dájọ́ pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́bìnrin Mùsùlùmí lè lo hìjáàbù ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba ní Ìpínlẹ̀ Èkó.

Nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́, a wọ bùbá àti ṣòkòtò lọ sí ibi iṣẹ́. Ọ̀gá wa ní kí a padà sílé lọ so táì. Ó dùn wá púpọ̀. Ọdún gorí ọdún, àwa náà di igbákejì ọ̀gá. Ọ̀dọ́mọbìnrin olùkọ́ kan fi ìlẹ̀kẹ̀ sí irun dídì rẹ̀, a sì ní kí ó lọ tú u. Kò jiyàn, ó lọ. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ojú ti tì wá. Ní Ẹ̀fọ̀n yìí kan náà ni ìdílé Adéṣínà ti ń sín ìlẹ̀kẹ̀ sí adé àwọn ọba. Àwa ọmọ Ẹ̀fọ̀n ni a wá ń lé ọmọ ẹlòmíràn sílé nítorí ìlẹ̀kẹ̀! Ní ọjọ́ kejì, a bẹ̀ ẹ́.

Adé náà sì ní ẹ̀kọ́ mìíràn. Ìlẹ̀kẹ̀ tí ó bo ojú ọba ń fi hàn wá pé ipò ju ẹni tí ó wà nínú rẹ̀ lọ. Nítorí náà, a kò ní kí kálukú máa wọ ohun tí ó bá ṣáà wù ú. Nọ́ọ̀sì kò lè fi ẹ̀wù alápá gígùn wọlẹ̀ wẹ ọgbẹ́. Ẹni tí ń jó irin kò lè wọ agbádá.

Ẹ̀yin ọ̀gá, kí ẹ tó dá ẹnikẹ́ni padà, ẹ bi ara yín léèrè: Ṣé aṣọ náà mọ́? Ṣé ó bo ara? Ṣé kò dí iṣẹ́ lọ́wọ́? Bí ìdáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ẹ jẹ́ kí ó wọlé. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, aṣọ ńlá kọ́ ni ènìyàn ńlá. Ẹ jẹ́ kí iṣẹ́ yín dára ju aṣọ yín lọ.

Ìlú wa yóò máa tẹ̀ síwájú.