Ẹrù Ẹni Tí Ń Gbani Nímọ̀ràn Lórí Ilé Àtijọ́

Ọ̀rọ̀ olùdámọ̀ràn lè gbé ilé àtijọ́ dúró, ó sì lè wó o. Ní ọdún 1989, ilé-ìṣọ́ tí ó wà lẹ́bàá kàtídírà Pavia, ní ilẹ̀ Ítálì, wó lójijì, ènìyàn 4 sì kú. Nítorí ẹ̀rù èyí ni a fi ti ilé agogo Pisa, tí ó ti tẹ̀, ní ọdún 1990. Ewu méjì ni ó dojú kọ àwọn amòye: bí wọ́n bá fi í sílẹ̀, ó lè wó, bí wọ́n bá fọwọ́ kàn án, ó lè wó pẹ̀lú. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1995, wọ́n fi òtútù mú ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ dì, ṣùgbọ́n ńṣe ni ó tún tẹ̀ sí i. Wọ́n dá iṣẹ́ náà dúró, wọ́n sì wá ọ̀nà mìíràn: wọ́n bu erùpẹ̀ ìhà àríwá rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, títí a fi tún ṣí i ní ọdún 2001.

Nítorí náà, bí a bá ń bèèrè ìmọ̀ràn lórí ilé ìsìn tí àwọn baba wa kọ́, ẹ má ṣe jẹ́ kí a wá ẹni tí yóò sọ èyí tí ó dùn mọ́ wa. Kí onímọ̀ kọ ohun tí ó yẹ̀ wò àti ohun tí kò lè yẹ̀ wò sínú ìwé. Kí àwa náà má ṣe bínú sí i nítorí òtítọ́. Ẹni tí ó bá wí pé ògiri le, tí kò sì yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ̀jẹ̀ ẹni tí ògiri náà bá wó lù ń bẹ lọ́rùn rẹ̀.